Dókítà Ẹlẹ́fọn àti Ìwé Tí Wọ́n Tètè Gbà Jù

Láàárín àwọn olùkọ́ yunifásítì tó mọ olóògbé Dókítà Tìrìmísíyù Abọ́dúndé ní Yábàá, ọ̀rọ̀ Ìlúpéjú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó kù máa ń bínú bí jọ́náàlì bá dá ìwé wọn padà. Tirẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n gba ìwé rẹ̀ wọlé, ó sì wọ ọkọ̀ lọ bá wọn jà.

Jọ́náàlì ni ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé ìwádìí wọn jáde. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ mìíràn kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ náà wò fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n wá àléébù rẹ̀, kí wọ́n tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Dókítà fi iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀kan tó ń pe ara rẹ̀ ní jọ́náàlì gbogbo àgbáyé, láago mẹ́wàá àárọ̀. Nígbà tó fi máa di aago méjìlá ọ̀sán, èsì ti dé: "Ẹ kú oríire. Iṣẹ́ yín dára púpọ̀."

"Wákàtí méjì!" Ariwo rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn kan. "Ojú-ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ta ló kà á?"

Ìlúpéjú ni àdírẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì náà. Yàrá kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ni ó bá. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rilwan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń jẹun. Òun ni olóòtú àgbà.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ wá gba sátífíkéètì yín ni?"

"Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Kí lẹ rí sí àtẹ kẹta inú ìwé mi?"

"Áà, àtẹ kẹta! Ọ̀gá, ìyẹn gbóná! Gbogbo wa la gbádùn ẹ̀."

"Àtẹ méjì péré ló wà níbẹ̀."

Rilwan gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì. "Kò burú, sà. A máa fi ìkẹta kún un fún yín."

Dókítà ò kúrò níbẹ̀ títí Rilwan fi tẹ lẹ́tà pé àwọn ti dá ìwé náà padà. Ó ní kó kọ ìdí rẹ̀ sí i. Rilwan ronú títí, ó wá kọ ọ́ pé: "Ẹni tó kọ ọ́ ò gbà." Dókítà fi férémù sí lẹ́tà náà, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni gba àmì ẹ̀yẹ.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú o. Mushin ni wọ́n bí i sí, ẹ̀fọn ni ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni pé oògùn tí wọ́n ń fín sáwọn gọ́tà kan ní Mushin ò pa ẹ̀fọn ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sọ fún àwọn tó ń ṣètò ìlera. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n bi í pé, inú jọ́náàlì wo ló wà?

"Ibà ń pa ọmọ," á ní, "wọ́n ń bi mí léèrè orúkọ ìwé!"

Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà. Àǹtí Lateefat, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń tọ́jú yàrá ìwádìí wọn láti ogún ọdún, ló máa ń wọ bàtà òjò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó máa ń fi ìgò bu tanwíjí nínú gọ́tà, tó sì máa ń kà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ṣùgbọ́n kí àwọn olùkọ́ tó gbé ẹ̀fọn sábẹ́ awò, Àǹtí Lateefat á ti fojú lásán sọ irú èyí tó jẹ́. Ohùn rẹ̀ kì í sì í jáde. Bí Dókítà bá ń pariwo, ṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín, tí á máa nu tábìlì lọ.

Nígbà tí Dókítà fẹ́ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí jọ́náàlì gidi kan lókè òkun, Níyì, olùkọ́ kan tó kéré sí i, ló ń bá a tẹ̀ ẹ́. Jọ́náàlì ọ̀hún ní àkótán tó wà níwájú ìwé ò gbọdọ̀ ju igba ọ̀rọ̀ lọ. Ti Dókítà fi ẹyọ kan lé.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ Mushin," ni Níyì wí. "Àwọn òyìnbó ò kúkú mọ ibẹ̀."

"Ṣé ẹ̀fọn náà ò mọ ibẹ̀ ni?"

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jà sí ọ̀rọ̀ kan. Níkẹyìn, Dókítà yọ "bóyá". Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ìjà gidi ti dé ni ibi orúkọ àwọn tó ni iṣẹ́. Dókítà fi Lateefat síwájú, ó fi ara rẹ̀ tẹ̀lé e. Fọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n kọ oyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà ní yunifásítì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ò ní gba ìwé náà. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí olórí ẹ̀ka wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéfúnmiláyọ̀, ìyá náà sì wọlé.

"Dókítà, Lateefat tó ń nu tábìlì yìí? Ẹ fi orúkọ ẹ̀ síbi ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìwé. Ó ti tó o."

Dókítà dìde. "Ṣé ìdúpẹ́ ló wọ inú gọ́tà?"

Ojoojúmọ́ ni ó ń kọ ímeèlì sí jọ́náàlì náà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n dá a lóhùn pé kó kọ "kò sí" sínú àpótí oyè tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà. Ìyẹn tún dá ìjà mìíràn sílẹ̀. "Kò sí kẹ̀? Èèyàn tó dúró síwájú mi yìí?" Ó ti Níyì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ síbi oyè Àǹtí Lateefat: "Ọdún mẹ́fà, gọ́tà, Mushin." Kọ̀ǹpútà náà sì gbà á.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, èsì dé lọ́dọ̀ àwọn méjì tó yẹ iṣẹ́ náà wò. Wọn kì í jẹ́ kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni àkọ́kọ́ yìn ín. Ẹnì kejì ní ó hàn gbangba pé ẹni tó kọ ìwé yìí ò mọ ohun tí Abọ́dúndé ti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, kó lọ kà á dáadáa.

Wọ́n gbọ́ igbe Dókítà ní ìsàlẹ̀ ilé. Níyì bẹ̀ ẹ́ kó fi sùúrù dáhùn, kò gbà. Ohun tó kọ ránṣẹ́ ni pé: "Mo ti bá Abọ́dúndé sọ ọ́. Ó ní ohun tóun wí nígbà yẹn, òun ti jáwọ́ nínú ẹ̀."

Kò rí èsì ìyẹn. Ní oṣù Keje, nínú ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè, àyà dùn ún láàárọ̀, ó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, ímeèlì wọlé. Wọ́n ti fẹ́ gba ìwé náà, ó ku ẹyọ ohun kan: ẹnì kejì nínú àwọn tó yẹ ẹ́ wò ò gbà pé tanwíjí gọ́tà kan lè pọ̀ tó iye tí wọ́n kọ. Kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n ṣàlàyé.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́," ni Níyì wí. "Ìwé náà á jáde kíákíá."

Àǹtí Lateefat gbé àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ yọ? Ta ló wọ gọ́tà náà, èmi àbí òun? Ẹ jókòó, Mísítà Níyì. Ẹ máa kọ ọ́!"

Ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, Níyì ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó dárúkọ ọjọ́ náà, ó sọ bí òjò ṣe rọ̀, ó sọ ti ewúrẹ́ tó já sínú gọ́tà náà tí wọ́n fi okùn fà jáde. Bí Níyì bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tútù bò ó, á kígbe: "Ẹ má dín ohùn mi kù!" Àwọn olùkọ́ rọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéfúnmiláyọ̀ náà sáré jáde láti mọ ẹni tó ń pariwo ní ọ́fíìsì Dókítà tó ti kú. Ó dúró, ó gbọ́ ọ títí. Ó wá fa àga kan, ó jókòó.

"Níyì," ó ní, "kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Ojú-ìwé mẹ́rin ni èsì náà. Ìwé jáde ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, iye tanwíjí náà wà níbẹ̀ láìyọ ẹyọ kan, orúkọ Àǹtí Lateefat ló sì ṣíwájú. Kí ọdún tó parí, àwọn elétò ìlera ránṣẹ́ pè é, wọ́n sì pààrọ̀ oògùn tí wọ́n ń fín sí àwọn gọ́tà yẹn.

Lọ́jọ́ tí Níyì ṣí ìwé náà hàn án, Àǹtí Lateefat fi ìka tẹ àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Dókítà, tó rí bí àgbélébùú.

"Kí lèyí?"

"Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti di olóògbé, Àǹtí."

"Dókítà wa? Alhaji? Àgbélébùú?"

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí wọ́n fi di tábìlì mú. Nígbà tó yá, Àǹtí Lateefat fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

"Mo ń retí kí Dókítà pariwo," ó ní.