Bọ́ńkà Tí Bàbá Mi Ń Bá Wọn Tún Ṣe

Sójà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìyá mi kú, mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Lokogoma. Wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi rí bọ́ńkà kan ní oríta wa, ilé kékeré tí àwọn sójà fi àpò iyanrìn mọ, tí wọ́n fi páànù bò, tí wọ́n sì dá ihò sí lára fún ẹnu ìbọn. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni bàbá mi ń lọ láràárọ̀.

“Wọn ò to àpò yẹn dáadáa,” wọ́n á máa sọ fún mi. “Bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ló yẹ kí wọ́n tò ó.”

Mi ò kì í fetí sí i.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọ̀gá mi ní báńkì sínú mọ́tò. Bí a ṣe dé oríta, bàbá mi nìyẹn, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, àpò iyanrìn wà léjìká wọn. Wọ́n juwọ́ sí mi.

“Ta nìyẹn?” ọ̀gá mi bi mí.

“Lébìrà kan ni, mà.”

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo dúró lọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn sójà náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kó má jẹ́ kí bàbá mi wá mọ́.

“Àǹtí, Baba ò dí wa lọ́wọ́,” ó ní. “Àwọn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ògiri ẹ̀yìn yẹn lè wó lù wá.”

Mo purọ́ fún un pé dókítà ní kí wọ́n sinmi. Ó wò mí díẹ̀, ó ní ó dáa.

Lọ́jọ́ kejì, kíá ni bàbá mi padà wálé. “Àwọn sójà ní aráàlú ò gbọdọ̀ sún mọ́ bọ́ńkà mọ́. Wọ́n ṣe é re. Èmi náà, ohun tí mo máa sọ nìyẹn.” Wọ́n fọ bàtà wọn, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Látìgbà náà, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń jókòó, wọn kì í sì í wò ó.

Mo fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọ̀rọ̀ lébìrà.

Bàbá mi bi mí pé, “Ṣé ọ̀gá rẹ gbà ọ́ gbọ́?”

“Wọ́n gbà mí gbọ́, sà.”

“Ó dáa.”

Wọn ò bá mi wí. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bá mi wí.

Nígbà tí mo padà lọ sí bọ́ńkà láti lọ tọrọ àforíjì, àwọn sójà mìíràn ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n ti gbé àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ síbòmíràn, àwọn tuntun ò sì mọ Baba kankan. Mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ kí àwọn tuntun náà. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, pé kí n tètè máa lọ síbi iṣẹ́ kí n má baà pẹ́.