Ọjọ́ Tí Mo Bá Ọmọ Mi Wá Iṣẹ́ Lọ sí Ṣàngó

Àṣà àwọn ènìyàn lórí ayélujára ni àbígbẹ̀yìn mi obìnrin kà ní yunifásítì: bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tajà, bí irọ́ ṣe ń ràn láti orí fóònù kan dé òmíràn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń pè é ní akẹ́kọ̀ọ́ fóònù lójú àwọn àlejò mi. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ni ní Ọ̀tà mọ ohun tí à ń pè ní ìwé.

Ó wá iṣẹ́ fún ọdún kan, kò rí. Mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ sí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ṣàngó, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ti jẹ́ ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, àgbà tó mú ọmọ dání lọ tọrọ iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ a kúnlẹ̀, a sì dákẹ́. Nínú ọkọ̀, ó ní àwọn kan tí àwọn jọ kà á ń tọ́jú àwòrán àti ohùn àtijọ́ fún ilé ìkàwé, àwọn mìíràn ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun fúnra òun ṣàlàyé. Mo san owó ọkọ̀ àwa méjèèjì.

Ọ̀gá náà dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì yíjú sí ọmọ náà, ó bi í pé kí ló kà. Kó tó la ẹnu, mo ti gbà á sọ.

"Fóònù ló kà. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kó ọṣẹ sínú páálí ni kí o fi í sí, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́."

Àwọn akọ̀wé méjì tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn dùn mọ́ mi. Ọ̀gá wo ọmọ mi, ó wò mí.

"Bí ẹ ṣe wí náà ni, tíṣà."

Lẹ́yìn oṣù méjì tí ọmọ mi ti ń kó ọṣẹ sínú páálí, ọ̀gá náà wá kí mi nílé, ó sì jẹ́wọ́. Ẹni tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí ayélujára ni àwọn ń wá nígbà náà. Ọmọ mi ni òun fẹ́ gbé e fún, ṣùgbọ́n òun kò lè já ọ̀rọ̀ tíṣà òun nírọ́ lójú ọmọ. Mo ní kó gbé e fún un báyìí. Ó ní ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Mi ò sọ fún ọmọ mi.

Ẹni tuntun náà ló padà wá ya àwòrán àwọn tó ń kó ọṣẹ, kó lè gbé e sójú ìwé ilé-iṣẹ́ lórí ayélujára. Kíláàsì kan náà ni òun àti ọmọ mi wà. Ìwé ọmọ mi ló máa ń dà kọ. Ó ya ọmọ mi pẹ̀lú ìbòrí náílọ́ọ̀nù lórí, ó sì rọra bi í pé kí ni kí òun kọ sábẹ́ àwòrán. Ọmọ mi sọ fún un. Àwọn ọ̀gá yin ẹni tuntun náà gidigidi nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yìn ín ni ọmọ mi ro gbogbo rẹ̀ fún mi lórí ìdúró, ọṣẹ ti bó o ní àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé àyè yẹn ṣófo lọ́jọ́ tí a lọ?"

Mo ní kó lọ jẹun kó sì sùn, nítorí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ dé láàárọ̀.