Bùráúsà tí Ìyá Ìyàwó Kọ́ ní Àmì Ohùn

Ó-Kù-Díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Mọ́tò rẹ̀ ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, èkejì lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yìí kò sì mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí. Bó bá jókòó nídìí oúnjẹ, tí ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ gbígbóná sáré kọjá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin.

Ibi tí orúkọ yẹn ti wá nìyí. Ọkùnrin náà ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kì í ṣe eré orí kọ̀ǹpútà o, kì í sì ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí fóònù. Ètò tó ń kọ́kọ́ jí nínú kọ̀ǹpútà kí ohunkóhun mìíràn tó jí ni, òun ló ń sọ ohun tí kíbọọ̀dù máa ṣe àti ohun tí ojú kọ̀ǹpútà máa fi hàn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá máa ń kó èèyàn bí omi jọ láti ṣe irú rẹ̀. Tirẹ̀, òun nìkan ni, nínú yàrá kékeré tí àwọn ìbejì rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sí ilé ìwé gíga. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í bóyá ó ti parí, èsì kan náà ló máa gbọ́: "Ó kù díẹ̀."

Ìbínú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń dúró kó tẹ ìwé ẹ̀rí jáde fún òun, ni kọ̀ǹpútà tó rà bá ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, kí ẹnikẹ́ni má pa òun. Wọ́n dúró, dúró, akẹ́kọ̀ọ́ sùn lọ lórí àga. Ọkùnrin náà wo kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wo àlejò tó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì.

"Èmi ni mo rà ọ́," ló sọ fún un, "ìwọ lo wá ń pàṣẹ fún mi?"

Ó ti mọ díẹ̀ nínú kóòdù kíkọ láti ìgbà èwe. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni rí. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó figbe bọnu nínú yàrá.

"Màmá Ìbejì! Sáré wá!"

Agbẹ̀bí ni ìyàwó rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀, wọn kì í fi "sáré wá" ṣeré. Ó fò dìde, ó já wọ yàrá. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, àmọ́ àmì funfun tín-ín-tín kan wà ní igun rẹ̀, ó ń tàn, ó ń pa.

"Kí ni mo ń wò?"

"Àmì yẹn. Ó ń ṣẹ́jú!"

"Bàbá Ìbejì, mo gbẹ̀bí ọmọ mẹ́ta lónìí. Gbogbo wọn ló ń ṣẹ́jú. Mi ò pe ẹnì kankan wá wò ó."

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lẹ́yìn àmì tó ń ṣẹ́jú, ètò náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní aago, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago ọ̀hún ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Bí ọ̀sán bá pọ́n níta, ilẹ̀ á ti ṣú nínú kọ̀ǹpútà. Ó tún un ṣe. Mọ́ọ̀sì dé, àmọ́ béèyàn bá tì í sókè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ó tún ìyẹn náà ṣe. Nígbà tó yá, ó ní ó yẹ kí ètò òun mọ ọ̀nà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló bá dáwọ́ lé bùráúsà, ìyẹn fèrèsé téèyàn ń gbà wo ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kìlọ̀ fún un pé bùráúsà nìkan tó iṣẹ́ odindi ìlú. Ó ní òun ti gbọ́. Etí rẹ̀ ló gbọ́, ọkàn rẹ̀ ò gbọ́.

Àsìkò yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ ní orúnkún, tí màmá sì wá sọ́dọ̀ wọn kí ara rẹ̀ lè mókun. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni màmá ti fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó ń fi bírò pupa yí àṣìṣe po. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá fún un ní káàdì ọjọ́ ìbí, ó máa ń dá a padà fún wọn láti lọ tún un kọ. Yàrá àwọn ìbejì ni wọ́n fi í sí, nítorí kò sí àtẹ̀gùn tó máa gùn débẹ̀. Báyìí ni màmá àti kọ̀ǹpútà ṣe di aládùúgbò.

Kò pẹ́ tí Ó-Kù-Díẹ̀ fi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó bá màmá níwájú kọ̀ǹpútà, bùráúsà ṣí sílẹ̀ gbayawu sí ojú-ìwé ilé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

"Bàbá Ìbejì, ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kí ló dé tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi wà níhòòhò?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kò yé mi."

"Wò ó. 'Awon osise n beere owo.' Ṣé owó ni wọ́n ń béèrè ni, àbí ọ̀wọ̀, àbí ọwọ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

"Kò kù díẹ̀. Ó kù púpọ̀."

Èèyàn lè bá kọ̀ǹpútà jiyàn, ó lè bá ọlọ́pàá ojú pópó jiyàn, àmọ́ ta ló máa bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jiyàn? Ó fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀, ó dojú kọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà tí bùráúsà rẹ̀ ń jù nù. Nígbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú rẹ̀, àwọn àmì fò lọ sókè, wọ́n bà lé ìlà tó wà lókè wọn bí ẹyẹ lórí wáyà iná. Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́ gbogbo lẹ́tà ló ní àmì, títí kan m àti k, ojú-ìwé náà wá rí bí ọmọ tí èéyi mú.

Màmá kò tíì sinmi. Lọ́jọ́ kan, Ó-Kù-Díẹ̀ wọlé, ó rí i pé wọ́n ti fi nǹkan pupa yí ọ̀rọ̀ po káàkiri ojú kọ̀ǹpútà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì.

"Màmá! Kí lẹ fi kọ ọ́?"

"Bírò kọ̀, kò kọ lórí gíláàsì," ni màmá fèsì láìmira. "Mo bá lo nǹkan tí ìyàwó rẹ fi ń kun ètè."

Igbe ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn láti yàrá kejì: "Màmá! Kò tíì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo lò ó!"

Ó-Kù-Díẹ̀ mú aṣọ, ó fẹ́ nù ún, àmọ́ bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án ló dúró. Gbogbo ibi tí màmá yí po, lẹ́tà tó ní àmì lórí tó tún ní lábẹ́ ni. Ó wá rí àṣìṣe rẹ̀ kedere. Nínú kóòdù tó kọ, lẹ́tà kan, àmì kan ni. Ìgbà tí èkejì bá dé, ó ń lé ti àkọ́kọ́ jáde. Kò gbà pé ẹni tó dé fìlà lè wọ bàtà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tún un ṣe, ó pe màmá wá. Màmá ka ojú-ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó tún un kà. Kò rí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ fà ro bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdárayá ṣe ìpàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, wọ́n sì ní kí ó wá fi bùráúsà rẹ̀ hàn. Ìyàwó rẹ̀ bá a lọ. Màmá náà ní dandan ni kóun lọ, tòun ti ọ̀pá. Wọ́n gbé ojú kọ̀ǹpútà sára ògiri ńlá, Ó-Kù-Díẹ̀ sì ṣí ojú-ìwé ìwé ìròyìn náà. Bùráúsà rẹ̀ kì í kánjú. Ó kọ́kọ́ mú àwọ̀ wá, ó mú ìlà wá, ó wá mú àkọlé wá gàdàgbà gadagba:

ÌJỌBA YÓÒ RA ỌKỌ FÚN ÀWỌN AGBẸ̀BÍ

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ sókè láti àárín èrò.

"Mo ti ní ọ̀kan nílé. Ṣé wọ́n á gba ti àtijọ́, kí wọ́n fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀ fún mi?"

Ọkọ̀ ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní lọ́kàn, ìyẹn mọ́tò, ó sì dá Ó-Kù-Díẹ̀ lójú pé bùráúsà òun ló gbé àmì orí lẹ́tà ìkẹyìn sọnù. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì nígbà tí màmá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Dákẹ́ ná. Ìwọ ọkùnrin tó wà níwájú, ṣí ojú-ìwé yẹn lórí fóònù rẹ. Kí lo rí?"

Ọkùnrin náà wò ó, ó ní: "Ọkọ ni, Màmá. Ọkọ náà ló wà níbí."

"Ó tán! Ohun tí wọ́n kọ ni bùráúsà kà. Ọmọ mi ò jẹ̀bi."

Kò tíì pe Ó-Kù-Díẹ̀ ní ọmọ òun rí. Kí ó tó mọ ohun tó máa sọ, màmá ti fi fóònù pe ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Olóòtú tó gbé e, ọwọ́ màmá ló ti kọ́ṣẹ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

"Má kí mi. Ta ló ń fún àwọn agbẹ̀bí lọ́kọ?"

Wọ́n gbọ́ igbe olóòtú jáde nínú fóònù. Láìpẹ́, Ó-Kù-Díẹ̀ ní kí bùráúsà lọ gbé ojú-ìwé náà wá lọ́tun. Àwọ̀ dé, ìlà dé, gbogbo èèyàn na ọrùn. Bí àmì kékeré yẹn ṣe yọ lórí lẹ́tà ìkẹyìn, gbọ̀ngàn hó yèè bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Wọ́n bi í bóyá bùráúsà náà ti parí. Ó ní ó kù díẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà.

Olóòtú kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kó tó wá bẹ màmá pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́, kó máa ka ọ̀rọ̀ láti ilé. Màmá gbà, àmọ́ ó ní kọ̀ǹpútà yẹn nìkan lòun máa lò, nítorí ìpolówó ọjà ń fò mọ́ òun lójú lórí àwọn tó kù. Bùráúsà Ó-Kù-Díẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìpolówó hàn. Orúnkún màmá ti san, ó ń rìn geere, kò sì sọ̀rọ̀ àtilọ sílé mọ́. Tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá fẹ́ lò ó, ó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Ìwọ lo fà á," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún un.

Orí tábìlì oúnjẹ ló ti ń kọ kóòdù báyìí, lórí kọ̀ǹpútà àlòkù mìíràn. Màmá ní ojú ń ro òun, ó fẹ́ kí ètò náà máa ka ọ̀rọ̀ sókè fún òun. Ó ti ń ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni ohùn àkọ́kọ́ jáde, ó gùn, ó há, bí ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tí kò tíì bọ́ bàtà, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá yọ orí láti yàrá.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní 'ẹ kú iṣẹ́', Màmá."

"Kò gbé ohùn rẹ̀ dáadáa," ni màmá wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.