Àṣíborí Tí Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Ń Kùn

Bí mo bá ti gbóòórùn ọ̀dà dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀ ní Agbabu, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tó ń kun mọ́tò ní Ore ni mo máa ń rántí. Òun ló ń kun àṣíborí onípáànù tí àwọn ọmọ ogun Róòmù ń dé nínú eré Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Á kùn ún títí á fi máa dán, á wá fi ọ̀dà dúdú náà pa á lára, á tún fi ìṣó họ ọ́.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ń bà á jẹ́?" Mo máa ń bi í bẹ́ẹ̀.

"Ogun kì í dá nǹkan padà ní tuntun." Á sọ ọ́ bí ẹni tó ń ti ojú oorun sọ̀rọ̀.

Kò sí ọ̀kan tí kì í fi òòlù lù kó tẹ̀ wọnú lókè etí òsì. Lọ́dún kan, ó ṣí fìlà tí kì í ṣí, ó fẹ́ dé ọ̀kan wò. Kí àṣíborí tó bò ó lórí, mo rí àpá jíjìn kan lókè etí òsì tirẹ̀, níbi tí irun kò hù sí mọ́.