Olórí Ìdílé Tó Jókòó Lẹ́bàá Fèrèsé

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi tó ń bá mi gbélé pàápàá ò tíì gbà á gbọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni: odidi ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gba owó oṣù tó ju ti obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ lọ, kò sì sí ohun tí mo fi jù ú lọ àfi ọ̀rọ̀ méjì tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Irọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà.

Ọ́fíìsì yunifásítì aládàáni kan ní Ìkòsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Àǹtí Múlíkà ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń so kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ etí ìborùn. Ọdún kan péré ló fi ṣáájú mi níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ ṣáà dárúkọ òṣìṣẹ́ kan, á ti sọ ọjọ́ tó wọṣẹ́, ìsinmi tó ṣẹ́ kù fún un, àti ẹni tó bá jà gbẹ̀yìn. Èmi ní tèmi, kí ọjọ́ náà tó pé ìlàjì, mo ti ki fáìlì ọ̀jọ̀gbọ́n kan bọ àárín ti àwọn awakọ̀.

"Dèjì," Àǹtí ní, "ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ló máa máa wa ọkọ̀ wa ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Èmi ò bínú. Tóun bá gbọ́ ṣá, ìwọ ló máa kọ́kọ́ gbé, Mile 12 ló sì máa já ẹ sí."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, owó oṣù ní ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní àtẹ̀gùn. Bí ọdún bá yípo, o ó gun àtẹ̀gùn kan. Ìjókòó náà ń tẹ̀lé e: ẹni tó ga jù á wà lẹ́bàá fèrèsé níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹni tó rẹlẹ̀ jù á wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ayé á ti máa bi í pé ibo ni ilé ìtọ̀ wà. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá wa: èmi wà lẹ́bàá fèrèsé. Àǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kàn rò pé ó fẹ́ràn ẹnu ọ̀nà ni.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí Àǹtí fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n to fáìlì rẹ̀, torí pé orí owó oṣù ìkẹyìn la máa ń gbé owó ìfẹ̀yìntì lé. Wọ́n fún mi ní ìwé ìlànà àtijọ́ kan láti òkè. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé ẹnikẹ́ni tó bá kọ "èmi ni" síwájú ìbéèrè "Ta ni olórí ìdílé?" nínú fọ́ọ̀mù, àtẹ̀gùn mẹ́ta ni wọ́n máa fi gbé e sókè lọ́jọ́ tó bá wọṣẹ́.

Mo ṣí fọ́ọ̀mù Àǹtí. Ó kọ "ọkọ mi" síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àìsàn ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí Àlàájì ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ kí Àǹtí tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Àǹtí ló ń san owó ilé, òun ló rán ọmọ mẹ́rin níléèwé. Mo ṣí tèmi: "Èmi ni." Àpọ́n ni mí nígbà náà, yàrá kan ni mo ní nínú ilé ìyá mi ní Alápẹ̀rẹ̀, Màmá ló ń sè, Màmá ló ń fọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ni ìdílé tí mo jẹ́ olórí rẹ̀.

Mo yẹ àwọn fáìlì yòókù wò. Gbogbo ọkùnrin: "Èmi ni." Gbogbo obìnrin: "Ọkọ mi." Opó kan wà níbẹ̀ tó kọ orúkọ olóògbé.

Mo lọ bá Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, kí ló dé tí ẹ kọ 'ọkọ mi'?"

"Kí ni kí n kọ? Ṣé kí n lọ já oyè gbà lọ́wọ́ Àlàájì nínú fọ́ọ̀mù ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ ilé, mà."

"Ará ilé mọ̀. Kí ló wá kan fọ́ọ̀mù?"

Mo sọ ohun tó kan fọ́ọ̀mù fún un. Ó ń fọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Mo rò pé torí o jẹ́ ọkùnrin lowó ẹ ṣe ju tèmi lọ," ó ní. "Mo ní bí ayé ṣe rí nìyẹn. Má gbé mi lọ sókè o, Dèjì. Oṣù mẹ́ta ló kù, jẹ́ kí n lọ ní ìrọ̀rùn."

Akẹ́kọ̀ọ́ kan yọjú, ó béèrè ilé ìtọ̀. Àǹtí nawọ́ síbẹ̀ láìwò ó. Ìgbà tó yá ló wò mí.

"Ó dáa, lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lé ẹ, mi ò sí níbẹ̀."

Èmi kì í ṣe akọni. Tí mo bá pariwo, irọ́ tèmi náà á tú. Àmọ́ akọ̀wé àgbà wa, ọ̀gá kan tó ń ti Magodo wá, fẹ́ràn láti máa sọ pé òun kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ni mo bá gé káláńdà àtijọ́ wẹ́wẹ́, mo fi bo orúkọ lára fọ́ọ̀mù méjèèjì, mo fi bo ìlà olórí ìdílé, mo gbé wọn gòkè.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi gbé àwọn méjì yìí sórí àtẹ̀gùn tó yẹ wọ́n."

Ó kà wọ́n. "Dìgírì kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ ọdún méje níbòmíràn, ó ní ọmọ mẹ́rin. Ẹnì kejì ò ní ìrírí, kò lọ́mọ. Ṣé o fẹ́ máa fi mí ṣeré ni? Ẹni àkọ́kọ́ fi àtẹ̀gùn mẹ́ta jù ú lọ!" Ó kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú. "Ta tiẹ̀ ni ẹnì kejì yìí? Ẹnu ọ̀nà ló yẹ irú wọn."

Mo ṣí káláńdà kúrò. "Èmi ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí orúkọ ẹni àkọ́kọ́, ló wá ka ìlà tí mo bò. Ẹ̀rín tán.

"Obìnrin mélòó ló kọ báyìí?"

"Gbogbo wọn, sà."

"Kó fọ́ọ̀mù gbogbo wọn wá. Ti Àǹtí la máa kọ́kọ́ ṣe."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fagi lé ìlà náà, Àǹtí sì ti wà lórí àtẹ̀gùn tó yẹ ẹ́. Wọn ò gé owó tèmi. Mo lọ sílé, mo ń yin ara mi.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí wà lẹ́bàá fèrèsé, afẹ́fẹ́ ń gbé ìborùn rẹ̀. Ife mi, sálúbàtà mi àti rédíò mi wà nínú ọ̀rá lórí àga ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀ o, olórí ìdílé," Àǹtí ní.

N kò tíì jókòó tí ọmọbìnrin kan fi yọrí wọlé. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé ìtọ̀ wà?"

Kí aago mẹ́wàá tó lù, mo ti nawọ́ síbẹ̀ nígbà mẹ́tàdínlógún.