Ọjọ́ Kan Lẹ́yìn Ọjà Ìwopin

Ọdún tí wọ́n gbé ọkọ mi kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ni lápá Aṣàbá, tí wọ́n dá a padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ni a ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa àkọ́kọ́. Ilẹ̀ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gùn nígbà náà, láti Ìkẹjà títí dé etí odò Ọya, tíṣà kò sì mọ ibi tí wọ́n lè sọ òun sí. Àlòkù ni ọkọ̀ náà, aláwọ̀ eérú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí àfi bí a bá gbá a ní ẹ̀ṣẹ́. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Láràárọ̀ ló ń fi aṣọ nù ún kí ó tó nu bàtà ara rẹ̀, mo sì máa ń sọ fún un pé bí ó bá lè ṣìkẹ́ mi dé ìdajì bẹ́ẹ̀, n kò ní í ráhùn mọ́ nínú ilé yẹn.

Ọmọ kan la ní nígbà náà, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Apá Aṣàbá ni mo bí i sí, ìyá mi kò sì tíì fojú kàn án. Efire ni ìyá mi ń gbé, létí ọ̀sà, ní ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú níbi tí ilẹ̀ ti ń tán. Nígbà tí mo bímọ, àwọn ló yẹ kí wọ́n wá wẹ ọmọ fún mi, ṣùgbọ́n ojú ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, ọ̀nà sì jìn. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a fi máa padà sílé, ti òsì náà ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Dókítà kan ní Ìbàdàn ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tó gbé wọn lọ pé kò sí ohun tí ọwọ́ àwọn ká mọ́, pé ọdún náà lè má parí kí èyí tó kù tó dí. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi wá ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí wọ́n rí ojú ọmọ mi kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ wọn.

Akọ̀wé ìjọ wọn ló bá wọn kọ lẹ́tà sí wa. Ìwopin ni ọ̀nà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ parí sí, ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Efire wá síbẹ̀ kì í sì í rìn ju ọjọ́ ọjà lọ, ọrọọrún ni wọ́n sì ń ná ọjà náà. Wọ́n ní àwọn yóò bá ọkọ̀ ọlọ́jà wá, àwọn yóò dúró dè wá ní èbúté Ìwopin, a ó sì jọ bá ọkọ̀ kan náà padà sí Efire lọ́sàn-án. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni ìsán ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà, ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ ọ́, ọjọ́ ọjà sì ni.

Ọkọ mi mú pẹ́ńsù, ó dúró níwájú kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ka mẹ́sàn-án, ó sì fi pẹ́ńsù náà yí Ọjọ́bọ̀ po. Mo wà níbẹ̀. Mo wò ó, mo ní ó dára, mo padà sídìí ọbẹ̀ mi.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn a gbéra kí ìrì tó gbẹ. Mo ti di ẹrù kún ẹ̀yìn ọkọ̀: iṣu, obì, ìgò epo méjì, àti aṣọ tuntun kan fún ìyá mi. Àwọn agbégilódò ti gba ojú ọ̀nà, wọ́n ru gẹdú tó tóbi ju ọkọ̀ tiwa lọ, eruku wọn sì ń bò wá mọ́lẹ̀. Ọmọ mi ni kò gbà fún eruku. A ti sọ fún un pé ìyá àgbà fẹ́ wo ojú rẹ̀, ó sì ti gbà pé iṣẹ́ ni a bẹ òun yẹn. Ó fẹ́ kí ojú náà mọ́. Ní Òrù ó ní ká dúró kí òun bọ́jú. A dúró. Kí a tó rìn jìnnà, ó tún ní eruku ti bà á jẹ́. Bàbá rẹ̀ tún dúró, ó tú omi inú ìgò tó yẹ kó dà sínú ẹ́ńjìnnì sí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ní kó dúró lẹ́ẹ̀mejì, ì bá ti wàásù fún mi dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Ó di dandan ká yà ní Àgọ́-Ìwòyè kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn láìyà, kó má ṣe padà gba ibẹ̀ mọ́. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti ṣe aya, ẹja gbígbẹ ni wọ́n sì ń tà, láti ọjà kan sí òmíràn. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú wa, wọ́n ní ká ṣe bísímílà. Ọmọ mi wo epo inú rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní yóò ta sí òun lójú. A rẹ́rìn-ín títí. Ibi ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti bi mí léèrè ọjọ́ tí ìyá mi dá gan-an. Mo ní ìsán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Wọ́n na ìka wọn, wọ́n kà á lọ, wọ́n tún kà á bọ̀.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "àná ni ìsán Ìṣẹ́gun. Àná ni wọ́n ná Ìwopin."

Èmi náà na ìka, mo kà á. Ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà wà nínú ohun tí à ń kà, ọmọ kékeré ilé wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọ ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ìjọ́ kẹjọ rẹ̀ pé, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìṣẹ́gun fúnra rẹ̀ ni oókan, Ọjọ́rú ni ẹẹ́sàn-án. Ọkọ mi ti kà á bí wọ́n ṣe ń yọ òǹkà kúrò nínú òǹkà lára pátákó, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Èmi tí mo ti ń ru agbọ̀n ẹja lọ ọjà ìsán láti kékeré, mo wo àṣìṣe náà lójú, mo ní ó dára.

N kò sọ bẹ́ẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè o. Ọkọ mi ni mo kó gbogbo rẹ̀ lé lórí. Nínú ọkọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ pé ìṣirò tó ń fi pàṣán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Mo ní ìyá mi á ti jókòó sí etí omi látàárọ̀ dọ́sàn-án, wọ́n á máa na etí sí gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀, nígbà tó sì yá wọ́n á ti padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ó ní bóyá ká padà, ká tún dá ọjọ́ mìíràn. Mo ní bó bá yí ọkọ̀ padà, yóò jù mí sílẹ̀ níbẹ̀, n ó sì fẹsẹ̀ rìn dé Ìwopin. Ó ń wakọ̀ lọ síwájú. Ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ jì ara mi títí dòní ni pé ọmọ wa wà lẹ́yìn tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé ojú ìyá àgbà ti tán ni.

Mo ní rárá. N kò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sísàlẹ̀, ọ̀nà náà di pupa, ó di kòtò, ó wá di yanrìn. Ọkọ̀ rì lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ mi bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó ń tì í látẹ̀yìn nígbà tí mo di ìdarí mú, èmi tí n kò wakọ̀ rí. Ẹ̀kẹta ni àwọn àgbẹ̀ méjì kan tó ń bọ̀ láti oko bá wa tì í, wọn kò béèrè kọ́bọ̀. Ọkọ mi nu yanrìn kúrò lójú, ó wò mí, ó ní, "Má bínú." Mo fi gèlè mi nu ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ nígbà tí a dé Ìwopin. Ṣáájú kí wọ́n tó kọ́ ilé-iṣẹ́ bébà sílùú náà nìyẹn, ibẹ̀ parọ́rọ́. Ìsọ̀ òfìfo ni ọjà, ìpẹ́ ẹja ló kù nílẹ̀. Ọmọ mi rí ọ̀sà, omi tó lọ tí kò lópin, ó sì pariwo orúkọ omi ní èdè Aṣàbá tí wọ́n fi tọ́ ọ. Bàbá kan ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo béèrè ọkọ̀ Efire. Wọ́n ní ó ti lọ lánàá, ó di Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ọjà tó kàn, kó tó tún wá. Omi ti ń bọ́ lójú mi nígbà tí wọ́n sọ èyí tó kù, láìgbé orí kúrò lórí àwọ̀n. Wọ́n ní ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, kò sì bá a padà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n tọ́ka sí ilé kan lẹ́yìn igi àgbọn.

Ìyá mi jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, ilé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí kí wọ́n tó dé ibẹ̀ lánàá. Wọ́n wé gèlè bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ wa, wọ́n sì mọ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kàlẹ́ńdà.

"Tíṣà, ẹ dìde," ìyá mi ní. "Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ọ̀la ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Mo ti mọ̀ kí n tó kúrò ní ulé. Mo ní kí ọkọ̀ máa lọ, kí n dúró di ọjọ́ tíṣà."

Mo bú sẹ́kún. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ilé àjèjì àti ọjọ́ mẹ́rin láìsí ọkọ̀, nítorí ó ti fọkàn ṣe ìṣirò àṣìṣe àna rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Èmi ti fi gbogbo ọ̀nà bú ọkọ mi lórí ohun tí ìyá mi ti dárí rẹ̀ jì í kí ó tó ṣe é.

Mo ti ọmọ síwájú wọn. Wọ́n fọwọ́ kàn án lórí, ní èjìká, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò tíì rí i. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kò tó mọ́, àárọ̀ nìkan ni ojú náà ń ṣiṣẹ́, wọn kò sì fẹ́ fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ojú. Wọ́n ní ká lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, a mú wọn lọ sí etí omi níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti mọ́ jù. Ọmọ mi ti bọ́jú, mo rò pé ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó dúró síwájú àpótí wọn, ó sì di ojú méjèèjì pinpin.

"Ṣí ojú, ọmọ mi," ìyá mi ní. "Kí ùwọ náà wò mí."

Ó ṣí i. Wọ́n gbá ojú rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ méjèèjì, wọ́n yí i sí ọ̀sà, wọ́n yí i sí oòrùn, wọ́n fi ojú òsì sún mọ́ ọn tí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó pẹ́. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún wa bí ẹni ń ka ìwé: èjí wà láàárín eyín iwájú, àpá kékeré kan wà lókè ojú ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nìkan ló ń jìn wọnú bó bá rẹ́rìn-ín. Èmi ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni. Wọ́n ní, "Mo ti rí i. Ó tó." Ọkọ mi yíjú sí omi, ó ń fọn imú.

Ọjọ́ mẹ́ta la lò ní Ìwopin kí ọkọ̀ tó dé. Láràárọ̀ ni wọ́n tún ń wò ó. Bí a bá ti ka ọjọ́ náà bó ṣe tọ́ ni, à bá ti bá ọkọ̀ ọ̀sán lọ, inú ilé tó kún fún ẹbí ni wọn ì bá ti máa jà du ọmọ náà pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Mo máa ń dúpẹ́ fún àṣìṣe yẹn. Mo dúpẹ́ fún tíṣà mi pẹ̀lú, n kì í kàn sọ ọ́ sí i létí ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ọdún tó yí, ojú náà dí. Ìyá mi lo ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà. Ọmọ mi ga, ó ga jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá lọ sí Efire, ìyá mi a na ọwọ́ jáde láti orí àpótí sí ibi tí orí rẹ̀ wà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn létí omi, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n rí, kò sì sí òmíràn lójú wọn. Nígbà àkọ́kọ́ tó lọ lẹ́yìn tó di ọmọge, ọwọ́ náà bá aṣọ ìdí rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọmọ mi ohun tó máa ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó fi orúnkún wọ́ sún mọ́ wọn títí orí rẹ̀ fi bọ́ sábẹ́ ọwọ́ náà, kò sì dìde títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo ìgbà tó bá lọ, títí wọ́n fi lọ.