Mìlímítà Mẹ́ta

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti bọ̀ọ̀dá mi. Èmi ń ránṣọ, òun ń ṣe jìtá. Tó bá ń ha igi, á dà bíi pé agbárí mi gan-an ló ń ha. Tí èmi náà bá tẹ maṣíìnì mi, á fi ọwọ́ gbá ògiri pé kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí òun ń ṣe. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti jọ wà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìgbà tí inú rẹ̀ dùn àti ìgbà tí kò dùn láìjẹ́ pé mo yọjú sí i.

Oníjìtá ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ a kì í sọ fún un pé ó ṣe àṣìṣe. Ojú rẹ̀ ni mo ti máa ń sọ èyí, mi ò dúró dìgbà tó bá kẹ̀yìn sí mi.

Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, jìtá kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Àwọn pátákó tó gbé kọ́ ara ògiri lẹ máa rí, wọ́n ní ihò, wọ́n ní ìṣó, etí wọn rí wọ́gọwọ̀gọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kàn wọ́n kí iṣẹ́ lè yá a. Èyí tó rí bí ìdajì jìtá ló ń di igi mọ́ lára, lẹ́yìn tó bá ti fi omi àti páìpù gbígbóná rọ igi náà, kó lè tẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ jìtá ṣe ń tẹ̀. Òmíràn ní àlàfo tóóró tóóró. Inú àlàfo yẹn ni ayùn ń gbà tó bá ń la ibi tí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ máa jókòó sí lọ́rùn jìtá. Ara jìtá kan tí wọ́n rà ní ilé ìtajà ló ti da ìyẹn kọ. Èyí tó fẹ́ràn jù gùn, ó rí pẹlẹbẹ, ó sì ní èèkàn kékeré méjì. Á tẹ́ ẹ sórí jìtá, á ti orí rẹ̀ mọ́ òkè ọrùn, ibi tí èèkàn méjèèjì bá sì bọ́ sí, ibẹ̀ ló máa lẹ igi tí ìdí wáyà ń so mọ́. Rúlà onírin gígùn tí ọ̀gá rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tó gba òmìnira ló fi wọn ìyẹn. Ìgbà tó ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kò wọn nǹkan kan mọ́. Ó ní ìdí tí òun fi kàn wọ́n nìyẹn.

"Ọmọṣẹ́ mi nìwọ̀nyí," á sọ fún oníbàárà. "Wọn kì í jẹun, wọn kì í pẹ́ dé, wọn ò sì mọ irọ́ pa."

Bọ̀ọ̀dá mi tó ń sọ bẹ́ẹ̀, kò mọ jìtá ta ju orin méjì lọ o. Iṣẹ́ igi ló mọ̀. Àwọn tó ń ta á ló máa ń bá a gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì máa ń yìn ín.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ìyá ọmọ náà kú kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, torí náà àárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ló dàgbà sí, nínú èérún igi àti àjákù aṣọ. Ọmọ yẹn ní etí. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ tó fi ń sọ fún mi pé ohùn maṣíìnì mi ti yí padà, kí n kán òróró sí i, tí mo bá sì tú u wò, màá rí i pé ó ti gbẹ lóòótọ́. Tí wọ́n bá ṣí géètì, á ti sọ ẹni tó ń bọ̀ kí ẹni náà tó yọ. Ìsàlẹ̀ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ló máa ń jókòó sí, á máa kọrin, oníbàárà mi á sì gbàgbé pé wọ́n ń wọn òun lọ́wọ́.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, bàbá rẹ̀ ṣe jìtá fún un. Igi tó dáa jù tó ní nílé ló lò. Ọmọ náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ta á láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó wá gbé e wọlé.

"Bàbá, apá òkè níbí dáa," ó ní, ó fi ìka hàn án lára ọrùn jìtá. "Àmọ́ tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá àárín, ohùn rẹ̀ ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Díẹ̀ báyìí ni."

Bọ̀ọ̀dá mi yọ pátákó eléèkàn rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó tẹ́ ẹ sórí jìtá náà. Ó ṣe géẹ́.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ kọ́ nìyẹn."

"Gbogbo àwọn tí mo ti ń ṣe é fún látọjọ́ yìí, wọn ò gbọ́, ìwọ nìkan lo wá gbọ́. Pátákó mi ò parọ́ rí. Etí tìẹ ló di pátákó."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà ni mo sì sọ ọ́ di orúkọ. Etí Pátákó, bá mi mú sísọ́ọ̀sì. Etí Pátákó, ṣé o ti jẹun? Ìfẹ́ ni mo fi ń pè é, ọmọ náà sì ń dáhùn. Kó tó di ìparí ọdún, gbogbo àdúgbò ti gbà á lẹ́nu mi. Mo máa ń rò ó báyìí, ara mi á sì bù máṣọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún sọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà kẹta, iwájú oníbàárà ni, bọ̀ọ̀dá mi sì fi ìbínú sọ fún un pé tí kò bá lè yin iṣẹ́ òun, kó má bà á jẹ́. Kò sọ ọ́ mọ́. Ó kàn ń ta jìtá rẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

Kò sí nǹkan mìíràn tí ọmọ yẹn fẹ́ láyé ju kó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin lọ. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n pè é pé kó wá ta jìtá, kó sì kọrin sí i níwájú àwọn olùkọ́. Mo rán aṣọ aláwọ̀ ewé fún un. Bàbá rẹ̀ nu jìtá náà títí ó fi ń dán. Kò tíì tó ọ̀sán tó fi padà dé.

Òun ló ṣàlàyé fún mi bó ṣe lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ orin náà dáa, gbogbo wọn ń mi orí. Ìgbà tí orin wá gòkè, tí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá àárín ọrùn jìtá, jìtá bá ibòmíràn lọ, ohùn rẹ̀ bá ibòmíràn lọ. Ó tẹ̀ lé ohùn ara rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó padà tẹ̀ lé jìtá, ó tún padà. Olùkọ́ àgbà ní kó dúró. Ó ní ohùn rẹ̀ dáa púpọ̀ àmọ́ kò ní etí, etí sì ni ohun kan tí àwọn ò lè kọ́ èèyàn.

"Mo ti ń sọ ọ́ fún ẹ tipẹ́," ni bàbá rẹ̀ sọ. Mi ò rò pé ìkà ló fi sọ ọ́. Ó dun òun náà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé nǹkan dun èèyàn. Àmọ́ ó sọ ọ́.

Ọmọ náà gbé jìtá sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá bàbá rẹ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé, ó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan, ó lọ́kọ, ó bí ọmọ méjì. Oṣooṣù ló ń wá kí wa. Tí èmi náà bá lọ kí i, mo máa ń kíyè sí i pé ilé rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rò pé bí àgbà ṣe ń báni nìyẹn.

Ọdún mẹ́tàdínlógún kọjá. Nígbà òjò tó kọjá, ikán wọ ṣọ́ọ̀bù bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n sì jẹ àwọn pátákó ara ògiri. Èyí eléèkàn, bó ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ló wó. Ó ra rúlà onírin tuntun, ó kàn òmíràn, ó tẹ́ ẹ sórí jìtá kan tó ti ṣe parí. Èèkàn ò bá ibi tó yẹ mu. Ó fi mìlímítà mẹ́ta kọjá.

Ó gbé rúlà tuntun náà wá bá mi. "Àbúrò mi, wo ayé bó ṣe dà. Wọ́n ti ń ṣe ayédèrú rúlà."

Mo fi téèpù mi wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó ní téèpù mi ti fà. Mo já òmíràn kúrò nínú ọ̀rá, ọ̀kan náà ni. Ni mo bá ní kó lọ mú rúlà ọ̀gá rẹ̀ wá. Mo tẹ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fi nọ́ńbà àádọ́ta kan àádọ́ta, mo wá wo orí wọn. Ti àtijọ́ fi mìlímítà mẹ́ta kúrú. Bọ̀ọ̀dá mi fi ọwọ́ ra á títí, ó wá rántí pé orí rúlà yẹn ni ọ̀gá òun fi máa ń ha gọ́ọ̀mù tó bá gbẹ, tí ẹnu rúlà náà bá sì ti kú, á pọ́n ọn lórí òkúta. Òkúta ti jẹ ẹ́ kó tó kan bọ̀ọ̀dá mi, torí náà igi ìdí wáyà gbogbo jìtá rẹ̀ ti sún mọ́ ọrùn jù, ìyẹn ló ń mú ohùn ga.

Ó jókòó sórí àpótí tí mo ti ń lọ aṣọ. Mo rán apá aṣọ kan parí, mo bẹ̀rẹ̀ ìkejì.

"Ọmọ yẹn sọ fún mi," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Àwọn tó ń ra jìtá lọ́wọ́ rẹ̀, apá òkè ni ọ̀pọ̀ wọn ń fọwọ́ mọ sí, àwọn tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, etí wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Etí tó dáa jù nínú gbogbo wa la sọ lórúkọ yẹn.

Bọ̀ọ̀dá mi gbé jìtá ọmọ náà kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi ọ̀bẹ gbígbóná ṣí igi ìdí wáyà, ó sún un mìlímítà mẹ́ta sẹ́yìn, ó lẹ̀ ẹ́, ó so wáyà tuntun. Ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ funfun tóóró, kò sì kùn ún mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, èmi àti ẹ̀ lọ sílé ọmọ náà.

Ó fún wa lómi, ó jókòó. Ọmọ rẹ̀ kékeré, obìnrin, gun itan rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ò bá ọ̀rọ̀ yí po. Ó sọ ti rúlà, ó sọ ti òkúta, ó sọ ti pátákó.

"Kì í ṣe etí rẹ," ó ní. "Èmi ni. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, dárí jì mí."

"Ẹ ní mìlímítà mélòó?"

"Mẹ́ta."

Ó fi ìka méjì wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́, ó ń wò ó.

"Mi ò kọrin fún àwọn ọmọ yìí rí, Bàbá," ó ní. Kò gbé ohùn sókè rárá. "Àti kékeré wọn. Tí wọ́n bá ń sunkún, ńṣe ni mo kàn máa ń mì wọ́n. Mo ń bẹ̀rù kí etí mi má lọ ràn wọ́n."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò lè mú un mọ́ra. Bọ̀ọ̀dá mi gbé jìtá lé e lọ́wọ́. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbà á. Ìka rẹ̀ ti rọ̀, wáyà sì ń dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ta wáyà kan lápá òkè. Ó wá fi ìka rìn ín sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá àárín, ó dúró síbi tí ohùn rẹ̀ ti máa ń ga jù látijọ́, ó ta á. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín, tàbí kó bínú, tàbí kó sọ ọ́ nù.

Ó gbójú sókè. "Bàbá, ṣé ó ti dáa?"

Bọ̀ọ̀dá mi mi orí. "Ìwọ lo máa sọ fún mi, ọmọ mi. Etí mi ò tó tìẹ rí."

"Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́," ó ní.

Ó tún wáyà náà ta, ó ń wo ẹnu bàbá rẹ̀.